Ṣé ìlara ni wọ́n fi ìwé bò tí wọ́n ń pè ní sọ́ṣálísìmù?

Ọkùnrin kan láti Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí, búlọ́ọ̀kù ni mo ń mọ tà. Mo kàwé díẹ̀, mo sì ti ń fi orí ru kọ̀ǹkéré níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé láti kékeré. Lónìí mo ní ibi ìmọbúlọ́ọ̀kù méjì, mo ti kọ́lé, èrè símẹ́ǹtì tí mo rà sílẹ̀ kó tó gbówó lórí ni mo sì fi ra típà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sanwó ilé ìwé rẹ̀ títí dé Yunifásítì Ifẹ̀ sọ lójú gbogbo ẹbí pé òógùn àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni mo ń jẹ, pé bí ìlú bá dáa, gbogbo ohun tí mo ní yìí ì bá jẹ́ ti gbogbo wa. Ó ní sọ́ṣálísìmù nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà ti ń kùn láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ tuntun. Ṣé kì í ṣe ìlara ni wọ́n fi ìwé bò tí wọ́n ń pè ní sọ́ṣálísìmù? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ṣiṣẹ́ kó là ni? Ṣé kí n ṣì máa ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òógùn ojú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ru kọ̀ǹkéré ló padà di ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́. Èmi kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sídìí yíyẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Mo rí àwọn tó ṣiṣẹ́ là, mo rí àwọn tó là láìṣiṣẹ́, àwọn tó ṣiṣẹ́ títí tí wọn ò là ló pọ̀ jù. Nítorí náà mi ò lè bá yín dá ọmọ yẹn lẹ́bi wéré, mi ò sì ní bá a dá yín lẹ́bi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ohun tó ń dùn yín ni pé wọ́n fi òógùn yín ṣẹ̀sín lójú ẹbí. Ẹ wá so ìyẹn mọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ń kùn, ẹ tún so ó mọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣètò ìlú. Ẹ jẹ́ ká tú wọn ká.

Ká ní bí iṣẹ́ bá ṣe le tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó, àwọn alábàárù ọjà Bódìjà ni ì bá máa yá gómìnà lówó. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ìgbà tí ẹ ń ru kọ̀ǹkéré niṣẹ́ yín le jù, ìgbà yẹn náà lowó yín kéré jù. Ẹ fowó pa mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ yín ń ná tiwọn, ẹ ra mọ́ọ̀dù, ẹ gba èèyàn. Mi ò fojú kéré ìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo típà yẹn. Ìparí oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nínú oṣù kẹfà wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, nígbà tó sì máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò símẹ́ǹtì kan ti lé ní 10,000 náírà lọ́pọ̀ ibi. Símẹ́ǹtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín ò ṣe iṣẹ́ kankan, ó kàn jókòó, ó ń gbówó lórí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín jí láàárọ̀, wọ́n po iyanrìn, wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù bí wọ́n ti ń mọ ọ́n tẹ́lẹ̀, oúnjẹ tí owó wọn ń rà wá dín kù. Ẹ ò jalè o. Owó yín lẹ fi wewu, ká ní símẹ́ǹtì já wálẹ̀ ni, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ gbèsè náà. Síbẹ̀ òógùn kọ́ ló ra típà. Owó ló bí owó, ojú inú yín wà ńbẹ̀, orí náà sì bá a ṣe é. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ẹni tó bá gbà pé gbogbo dúkìá òun pátá lòógùn òun, kò sí ìbéèrè tí wọ́n lè bi í nípa owó tí kò ní dà bí èébú létí rẹ̀.

Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Ta ló máa pe àgbẹ̀ kòkó ní ọ̀lẹ? Ó máa gbin igi, ó máa dúró ọdún bíi mélòó kan kó tó so, ó máa ká a, ó máa pa á, ó máa sá a. Ní 1947 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Marketing Board làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí, òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kó kòkó ta sókè òkun, òun náà ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí owó kòkó má baà máa fò sókè fò sódò ni. Àmọ́ bí kòkó bá wọ́n ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìgbìmọ̀ máa ń mú apá tó pọ̀ nínú owó náà sílẹ̀, kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó gbìn ín. Nígbà tó di 1968, owó orí tún gun orí ìyẹn, ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tó kọ ìyà, bá yarí. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san, wọn ò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, kí Awólọ́wọ̀ tó lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, àtàwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ìjọba ológun Adébáyọ̀ tó ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn sì gé owó orí náà wá sí pọ́n-ùn méjì. Ṣé ìlara ló ń ṣe wọ́n? Wọn ò ní kí wọ́n pín ilé àwọn olówó Ìbàdàn fáwọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn pọ̀ jù, ọ̀nà oko àwọn sì burú. Òṣìṣẹ́ paraku ni wọ́n, òfin ló dá wọn dúró síbi tí wọ́n wà.

Ibi tí owó yẹn wọlẹ̀ sí ló wá kàn yín gan-an. Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ò kọ́kọ́ fẹ́ owó tí wọ́n ní kí wọ́n dá sí i. Inú bí wọn débi pé ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nílẹ̀ ara rẹ̀ nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ 1954. Lẹ́yìn tí ọmọ tálákà bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ni wọ́n tó máa yìn ín. Inú àpò owó kòkó yẹn náà ni ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ti rí i ní 1962 pé owó rẹpẹtẹ ti gba ilé iṣẹ́ kan tó sún mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú náà jáde. Èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa jọ jẹ nínú abọ́ àgbẹ̀. Ẹ wá wo ọjọ́ orí tiyín. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹwàá 1979, Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ò sì ju ọmọ tó ń wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ló wà níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ ò sì fi orúkọ ohun tó ń ṣe pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: sọ́ṣálísìmù tó ń bá ìjọba àwa-ara-wa rìn ló pè é. Kíláàsì kún jù nígbà yẹn, àga ò tó, olùkọ́ ń bínú, mo gbà. Àmọ́ bí ẹ bá lọ ilé ìwé ìjọba, ibẹ̀ lẹ ti kọ́ ìṣírò tí ẹ fi ń ka àpò símẹ́ǹtì, wọn ò sì gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ bàbá yín. Ohun tí ẹ ń pè ní ìlara ti gbé yín gun àtẹ̀gùn kan kí ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín náà ò sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn tó mọ̀dí sọ́ṣálísìmù kì í da ilé tí èèyàn ń sùn àti ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀, báǹkì, ibi ìwakùsà àti ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ọkọ̀ yín ò kàn wọ́n. Ibi ìmọbúlọ́ọ̀kù ni wọ́n máa bi yín léèrè, pé ta ló yẹ kó ni ohun tí èèyàn mẹ́wàá jọ ń fi jẹun. Irọ́ míì tó sì tàn ká ni pé ètò ọ̀lẹ ni. Òfin tí Rọ́ṣíà ìgbà Stalin gbé kalẹ̀ ní 1936 kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun, ohun tí Pọ́ọ̀lù ti sọ fáwọn ará Tẹsalóníkà tipẹ́. Ó tún ní kí kálukú gbà bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe tó. Ohun tí ẹ̀yin ń sọ gan-an làwọn náà ń pariwo, pé kí ẹni tó ṣiṣẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kàn ò jọ gbà lórí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ni.

Ìlara ńkọ́? Ó wà, kò sì kéré, àmọ́ kì í rìn jìnnà. Kò sẹ́ni tí oorun rẹ̀ ń dá ní Òṣogbo nítorí Dangote. Aládùúgbò tó ra ọkọ̀ ló ń dá oorun èèyàn, ẹni tí a jọ kàwé, ọmọ ìyàwó kejì. Wẹ́dà ló ń wo ẹ̀rọ wẹ́dà, alákàrà ló ń ka iye èèyàn tó dúró níwájú alákàrà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣe ẹnì kan nìyẹn, ẹ wo ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá dẹnu kọlẹ̀ lọ́la, tí kò sì fi ẹyọ náírà kan kún owó tirẹ̀, ṣé inú rẹ̀ máa dùn? Bó bá dùn, ìlara ni, kò sí ìwé tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ṣe ló fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ sí i, ẹ̀tọ́ ló ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè béèrè jù. Kí n sì sọ èyí tí kò ní dùn létí: ọ̀rọ̀ ìlara máa ń rọ olówó lọ́rùn gan-an ni. Bí ẹ bá ti pe ìbéèrè ní ìlara, ẹ ò nílò àtidáhùn mọ́. Mo mọ ọ̀gá kan tó ń náwó lórí ààbò lọ́wọ́ ayé láti ilé àdúrà kan dé òmíràn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò sì fẹ́ ju kó máa san owó ọ̀sẹ̀ wọn lọ́jọ́ tó yẹ.

Ibi tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín máa ti fa ọ̀rọ̀ ni ibi tó ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa. Kó má wulẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà, kó lọ sí etí òkun Ìlàjẹ. Ní 1947 àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí tẹ ìlú Ayétòrò dó lórí irà. Wọ́n ní bíi ti ìjọ àwọn Àpọ́sítélì ni káwọn ṣe, kí ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ará. Ẹni tó pẹja kì í ta á fún ara rẹ̀, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo owó ń wọ̀. Kò sí owó oṣù. Ìlú ló ń fún èèyàn lóúnjẹ, ìlú ló ń fún un láṣọ, ìlú ló ń fún un nílé. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, iná mànàmáná sì ti ń tàn níbẹ̀ láwọn ọdún 1950 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù wọ́n lọ ṣì wà nínú òkùnkùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ọdún, ọrọ̀ tó sì mú wá ya àwọn tó lọ wò ó lẹ́nu.

Kí ló wá dé? Ẹ kíyè sí ohun tó dì í mú. Ìgbàgbọ́ kan ló so wọ́n pọ̀, ọ̀tá wọn ò ju ẹyọ kan lọ, wọ́n fọkàn tán olórí wọn, ìlú náà sì kéré débi pé ẹni tó bá yọ́ sùn lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo èèyàn ló máa mọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tí wọn ò bá wọn jìyà ìbẹ̀rẹ̀ dàgbà, àwọn kan lọ kàwé lẹ́yìn odi, wọ́n padà dé pẹ̀lú ojú tuntun. Ìgbé ayé àwọn tó wà lókè wá yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń lọ sójú omi. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ti gbà kí kálukú máa dá òwò ṣe, láti ìgbà náà ni ètò àpò kan sì ti ń tú. (Òkun ti wá ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò lónìí, ìyẹn ọ̀ràn mìíràn tó yẹ kí gbogbo wa máa pariwo lé lórí.) Ohun kan náà ni mo rí nínú àwọn ìwé owó tí mo yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ara wọn, tí wọ́n sì ń ka owó lójú ara wọn, ń gbèrú. Ọjọ́ tí akápò bá ti di àbúrò alága ni ìwé owó ń bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó jáde. Kì í sábà jẹ́ ìwà ọ̀lẹ ló ń pa ohun àjọni, ẹni tó di àpò mú tí kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè ni.

Bó bá wá jẹ́ pé ìjọba ló di àpò náà mú, tó tún ní ìbọn lọ́wọ́, irú ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Kúbà, níbi tí àtọmọdọ́mọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ṣì ti ń ké pe Ṣàngó, ìjọba Fidel Castro ṣe ohun tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún: ní 1961 wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí abúlé láti kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé kà. Ìjọba kan náà ló gba gbogbo òwò kéékèèké tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n ní oṣù kẹta 1968, ó lé ní 50,000, títí kan àwọn tó ń ta oúnjẹ lójú pópó. Ọdún 2021 ni wọ́n tó padà gbà kí aládàáni dá ilé iṣẹ́ kékeré àti alábọ́dé sílẹ̀. Ìran méjì ti kọjá. Ká ní Òṣogbo wà ní Kúbà ni, ìjọba ì bá ti gba mọ́ọ̀dù yín, wọn ì bá sì fi akọ̀wé kan tí kò mọ iyanrìn tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ní amọ̀ ṣe olórí ibẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ rí èsì fún ìyẹn kó tó máa pín dúkìá ẹbí.

Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, mi ò lè jókòó síhìn-ín kí n wo inú ọkàn wọn, ẹni kan nínú wọn sì lè jẹ́ onílara lóòótọ́. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tí ẹ ti máa wò. Ẹ gbé ìwé yín jáde, ẹ wo iye tí ẹ ń san lórí àpò símẹ́ǹtì kan tí wọ́n bá mọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 àti iye tí ẹ ń san báyìí, kí ẹ sì wo iye tí ẹ ń ta búlọ́ọ̀kù kan nígbà náà àti ní báyìí. Bí owó búlọ́ọ̀kù bá fò tí owó iṣẹ́ sì ń rákò, ọkọ̀ tuntun kọ́ ló fa ìkùnsínú, òun ló kàn jẹ́ kí wọ́n rí i. Ẹ lè fi kún owó àpò. Ó rọrùn jù, ó sì máa ń nira láti dín kù bí ọjà bá kú. Ẹ lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrè ìparí ọdún kí ẹ pín in bí iṣẹ́ kálukú bá ṣe tó, èyí sì dáa bí ẹ bá lè jẹ́ kí wọ́n rí ìwé. Bí ẹ ò bá lè fi ìwé hàn wọ́n, ẹ má dán an wò, wọ́n máa sọ pé ẹ rẹ́ wọn jẹ. Àwọn kan máa ní kí ẹ fún wọn ní ìpín nínú òwò náà fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, òwò tó wà lọ́wọ́ símẹ́ǹtì tí iye rẹ̀ lè yí nígbàkúgbà ò tíì dúró tó fún ìyẹn, torí pé ẹni tó bá ní ìpín nínú èrè gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú àdánù, mi ò sì mọ ọmọ iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ gbé e.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀, kí ẹ máa yọ owó tí wọ́n bá fẹ́ fi pa mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sanwó, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ tiyín lé e. Yóò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rí owó yá ra mọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo mọ̀ pé ìyẹn lè bí ẹni tó máa bá yín du oníbàárà. Ẹ̀yin náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá kan rí.

Ẹ má dá owó ọmọ ẹ̀gbọ́n yín dúró. Bí ẹ bá dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ máa sọ ohun tó ń wí di òótọ́ lójú ara rẹ̀, ẹbí náà á sì mọ̀ pé owó lẹ fi ń pa ẹnu èèyàn mọ́. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀ sí yín bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ sí bàbá, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìyẹn fún un. Ẹ ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nídìí ìwé owó yín, kó bá yín ṣírò ohun tí àpò kan ń mú wọlé àti ibi tó ń lọ, epo jẹnẹrétọ̀, owó ilẹ̀, búlọ́ọ̀kù tó fọ́, gbèsè tí àwọn akọ́lé ò san. Bó bá rí ibi tí ẹ ti ń rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kó fi hàn yín. Òun náà lè bá àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ ìwé ẹgbẹ́ náà: èèyàn mẹ́wàá ni òfin ń béèrè kí wọ́n tó forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, ọ́fíìsì tó ń bójú tó o sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Bí àwọn tó wà ní ibi méjèèjì ò bá pé mẹ́wàá, kí wọ́n pe àwọn oníyanrìn tó ń já ẹrù fún yín mọ́ra.